Àwọn Tí Ogun Lé Gba Ọ̀nà Ọ̀sà: Agbo Ilé Kòsọ́kọ́ láti Èkó dé Ẹ̀pẹ́

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ní Àjáh, tí ẹ kọjú sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, ẹ ó kọjá Sángótẹ̀dó àti Awóyáyá kí ẹ tó dé ibi tí tírélà ti máa ń tò lọ bí ìjàlọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Lẹ́kkí Free Zone. Èbúté ńlá tí wọ́n ṣí ní ọdún 2023 wà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á rò pé àná ni ìtàn ilẹ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún tí etíkun yìí ti bọ́ agbo ilé kan tí ogun lé kúrò l'Ékòó. Agbo ilé Ọba Kòsọ́kọ́ ni mò ń wí.

Orúkọ àbíkú ni Kòsọ́kọ́: kò sí ọkọ́ tí wọ́n máa fi gbẹ́ sàréè mọ́, kọ́mọ yáa jókòó. Ọmọ Ọba Ẹ̀ṣinlókun ni. Kò tíì gorí oyè tó ti mọ bí sísá kúrò nílé ṣe ń rí. Òun àti Ẹlẹ́tù Ọ̀dìbò, olórí àwọn afọbajẹ, ní gbólóhùn asọ̀ nítorí obìnrin. Ìjà náà kò mọ sórí ọkùnrin méjì. Wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kan Ọpọ́ Olú, arábìnrin Kòsọ́kọ́, wọ́n sì lé e kúrò nílùú. Kòsọ́kọ́ náà jà, kò borí, ló bá sá títí ó fi dé Ouidah.

Akítóyè, àbúrò bàbá rẹ̀, ló jọba ní 1841. Ó ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n òun máa bọ̀ wálé. Àwọn kan kìlọ̀ fún un, kò gbọ́. Nígbà tó di 1845, Ogun Olómiró bẹ́ sílẹ̀, Kòsọ́kọ́ sì lé Akítóyè lọ. Akítóyè gba Abẹ́òkúta kọjá sí Àgbádárìgì. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ẹni tí wọ́n ní kó máa bọ̀ wálé ló lé onílé jáde. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè sọ ìtàn yìí bí ẹni pé apá kan ni ìyà jẹ.

Akítóyè wá lọ bá Òyìnbó. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn fẹ́ fòpin sí òwò ẹrú, wọ́n sì tún fẹ́ kí òwò Èkó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí yóò gbọ́ tiwọn. Òwò ẹrú yẹn kì í ṣe irọ́. Kòsọ́kọ́ àti àwọn ìjòyè rẹ̀ jẹ nínú rẹ̀ dáadáa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1851, Òyìnbó kọ́kọ́ gbógun dé, Èkó lé wọn padà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá, wọ́n tún padà dé pẹ̀lú ọkọ̀ ogun. Ìró àgbá tó ń dún lọ́jọ́ náà ni àwọn ará Èkó fi sọ ogun ọ̀hún ní Agídìńgbì. Ilé jóná, ìlú dàrú. Kó tó di òpin oṣù, Kòsọ́kọ́ ti wà lórí ọ̀sà.

Ọba kì í dá sá. Ìyàwó, ọmọ, ìjòyè, jagunjagun, ẹrú ilé àti àwọn Mùsùlùmí tí ààfin rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ fún, gbogbo wọn ló bá a lọ. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n gúnlẹ̀ sí, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Awùjalẹ̀ sì fún wọn láyè láti máa gbé ibẹ̀. Wọn kò di Ìjẹ̀bú, wọn kò sì sí l'Ékòó mọ́. Títí dòní, Èkó-Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ṣì jẹ́ apá méjì nínú ìlú kan náà.

Ẹni tí ogun lé ṣì gbọ́dọ̀ jẹun. Etíkun Lẹ́kkí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ló gbà wọ́n sílẹ̀. Kòsọ́kọ́ gba Palma àti Lẹ́kkí, ó sì sọ wọ́n di èbúté tirẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1854, òun àti Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Kòsọ́kọ́ gbà pé òun ò ní gbógun ti Èkó mọ́, òun ò sì ní ṣòwò ẹrú mọ́. Wọ́n gbà pé tirẹ̀ ni èbúté Palma, wọ́n sì ṣèlérí owó ọdọọdún fún un. Epo pupa wá di ohun tí wọ́n ń kó lọ sí etí òkun. Àwọn tó ti ń ta ènìyàn wá ń ta epo. N kò ní pe ìyẹn ní ìrònúpìwàdà, ṣùgbọ́n ó kúkú fi oúnjẹ sílé.

Ẹ̀sìn ńkọ́? Àwọn Mùsùlùmí tó bá Kòsọ́kọ́ lọ kò fi kéwú sílẹ̀ l'Ékòó. Ẹ̀sìn náà gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ní Ẹ̀pẹ́, ó sì tún padà bá wọn wá sí Èkó. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn Iléyá, Èkó-Ẹ̀pẹ́ máa ń ṣe ọdún Káyókáyọ̀ láti rántí ìgbà tí Kòsọ́kọ́ gúnlẹ̀. Ẹ wo orúkọ yẹn: ká yó, ká yọ̀. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ wọn kan ilẹ̀ tó gbà wọ́n ni wọ́n mú ṣọdún, wọn kò mú ọjọ́ tí ilé jó.

Àjò kì í dùn kónílé má relé. Dòsùmú, ọmọ Akítóyè, fi Èkó lé Òyìnbó lọ́wọ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 1861. Ọdún kejì, wọ́n gba Kòsọ́kọ́ láyè kó padà. Kò jọba mọ́. Ọlọ́jà Ẹrẹ́kọ̀ ni wọ́n fi í jẹ, ipò yẹn ló sì wà títí ó fi kú ní 1872. Àwọn èrò tó bá a bọ̀ pọ̀, ilẹ̀ wọn àtijọ́ sì ti di ti ẹlòmíràn. Òṣòdì Tápà, balógun rẹ̀, ni wọ́n fún ní ilẹ̀ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó láti fi àwọn èèyàn náà sí. Agbo ilé mọ́kànlélógún ni wọ́n tẹ̀ dó síbẹ̀. Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ni wọ́n pe ibẹ̀: àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ló tẹ̀ ẹ́ dó. Ọmọ Èkó ni wọ́n nígbà tí wọ́n ń lọ, ará Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n nígbà tí wọ́n dé. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ilẹ̀ náà kò sì tán bọ̀rọ̀. Ẹjọ́ rẹ̀ dé Privy Council ní London ní 1930. Níbẹ̀ náà ni M.K.O. Abíọ́lá ti kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ ní oṣù kẹfà ọdún 1994.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò. Ọmọ Tápà ni Òṣòdì yẹn. Kékeré ni wọ́n ti kó o lẹ́rú wá sí Èkó láti ilẹ̀ Núpé, ibi tí àwa ń pè ní òkè Ọya. Òun ló wá di ẹni tó fún ọmọ Èkó tí ogun lé nílé.

Lónìí, àwọn tí ogun Boko Haram lé kúrò ní Borno ti dé Àjáh àti Ìbejú-Lẹ́kkí. Wọ́n ń ṣe lébírà, wọ́n ń gun ọ̀kadà, wọ́n ń tẹ́ ẹní kírun lẹ́bàá títì. A máa ń wò wọ́n, a ó ní, "Àwọn ará òkè Ọya yìí tún ti dé." Kí a tó sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹ jẹ́ ká rántí pé ọkọ̀ ojú omi kó àwọn kan wá sí Ẹ̀pẹ́ nígbà kan, wọn kò ní ju ẹrù orí lọ, wọn ò mọ̀ bóyá onílẹ̀ á gbà wọ́n. Onílẹ̀ gbà wọ́n. Ọmọ ọmọ wọn ló ń ṣe Káyókáyọ̀ lónìí.