Èkó àti Àbújá: Olú Ìlú Àṣà àti Olú Ìlú Ìjọba

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kó kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá. Láti ìgbà náà, Àbújá ni ibùjókòó ààrẹ, ilé aṣòfin àti àwọn iléeṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n òwò ńlá, ìwé ìròyìn, orin àti fíìmù kò kúrò ní Èkó. Ìfagagbága ìlú méjèèjì hàn kedere nínú ìgbésí ayé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó tún jẹ́ òǹkọ̀wé, ó sì hàn ní Garki, ọ̀kan lára àwọn àdúgbò tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ní olú ìlú tuntun.

Bí olú ìlú ṣe ṣípò

Láti ọdún 1914 ni Èkó ti jẹ́ olú ìlú Nàìjíríà. Nígbà tó fi máa di ọdún 1975, èrò ti kún àkúnya, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sì ti di ìṣòro ojoojúmọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, Ọ̀gágun Murtala Muhammed gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Akínọlá Àgúdà. Ìgbìmọ̀ náà dámọ̀ràn àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè, níbi tí ẹ̀yà ńlá kankan kò ti ní lè sọ pé ti òun ni. Ìjọba kéde ìpinnu rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976. Síbẹ̀, ilẹ̀ náà kò ṣófo: àwọn ẹ̀yà Gbagyi wà lára àwọn tó ti ń gbé níbẹ̀ tipẹ́.

Lásìkò kan náà, ìjọba ń parí gbọ̀ngàn tíátà orílẹ̀-èdè ní Ìgànmú, l'Ékòó, fún FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú, tó wáyé ní oṣù Kìíní àti oṣù Kejì ọdún 1977. Bí ìjọba ṣe ń múra láti kó kúrò ní Èkó ló ń kọ́ ilé àṣà tó tóbi jù lọ síbẹ̀.

Garki

Area 1 ní Garki ni sẹkitéríàtì àpapọ̀ àtijọ́ wà, Area 11 sì ni iléeṣẹ́ FCDA tó ń kọ́ Àbújá fìdí kalẹ̀ sí. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n kọ́ àdúgbò náà fún. Ọ̀pọ̀ wọn ló dá lọ, tí wọ́n fi ẹbí sílẹ̀ ní Èkó. Nínú Area 10 ni Gbọ̀ngàn Iṣẹ́ Ọnà àti Àṣà Cyprian Ekwensi wà.

Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń kọ̀wé

Orúkọ Ekwensi bá ọ̀rọ̀ yìí mu, torí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àti òǹkọ̀wé. Ọdún 1961 ló di ọ̀gá ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìròyìn, l'Ékòó, ọdún náà sì ni ìwé rẹ̀, Jagua Nana, tó dá lórí ayé ìgboro Èkó, jáde. Rédíò ìjọba ni Chinua Achebe ń bá ṣiṣẹ́ nígbà tí ìwé rẹ̀, Things Fall Apart, jáde ní ọdún 1958. Láyé ìgbà yẹn, ọ́fíìsì àti ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé wà nínú ìlú kan.

Mamman Vatsa, ọ̀gágun àti akéwì, di mínísítà olú ìlú tuntun lábẹ́ ìjọba ológun Buhari. Òun ló fún ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé Nàìjíríà ní ilẹ̀ ní Mpape, l'Ábùújá. Nígbà tí wọ́n dájọ́ ikú fún un lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ gbàjọba, àwọn òǹkọ̀wé Achebe, Wọlé Ṣóyínká àti J. P. Clark lọ bẹ Ọ̀gágun Babangida, olórí ìjọba nígbà náà, ní Dodan Barracks, l'Ékòó. Ẹ̀bẹ̀ wọn kò gbà. Wọ́n yìnbọn pa Vatsa ní oṣù Kẹta ọdún 1986. Orúkọ rẹ̀ ni abúlé òǹkọ̀wé tó wà ní Mpape ń jẹ́ báyìí.

Awuyewuye ọdún 2024

Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fẹ́ kó àwọn ẹ̀ka kan lọ sí Èkó, ìjọba sì pàṣẹ pé kí olú iléeṣẹ́ FAAN tó ń bójú tó pápákọ̀ òfurufú padà síbẹ̀. Àwọn sẹ́nétọ̀ kan láti àríwá àti ẹgbẹ́ Arewa Consultative Forum fárígá. Àlàyé ìjọba ni pé Èkó ni iṣẹ́ pọ̀ sí; ẹ̀rù àwọn tó takò ó ni pé wọ́n fẹ́ sọ Àbújá di òfìfo.

Ní ilẹ̀ mìíràn

Ní orílẹ̀-èdè Benin, Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ni olú ìlú lábẹ́ òfin, ṣùgbọ́n Kùtọnú ni ààrẹ àti ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba wà. Ní Ṣáínà, láyé àwọn ọba Song Àríwá, Kaifeng ni ààfin wà. Ṣùgbọ́n Sima Guang, ìjòyè àti òpìtàn tó takò àtúntò ìjọba tí ìjòyè àgbà Wang Anshi ń ṣe, fìdí kalẹ̀ sí Luoyang, tó jìnnà sí ààfin, ní ọdún 1071, ibẹ̀ ló sì ti parí ìwé ìtàn ńlá rẹ̀, Zizhi Tongjian, ní ọdún 1084. Lẹ́yìn èyí, wọ́n pè é padà sí Kaifeng, ó di olórí àwọn ìjòyè, ó sì fagi lé ètò Wang.

Àṣẹ lè kó ọ́fíìsì láti ìlú kan dé òmíràn, ṣùgbọ́n kò lè kó àṣà. Ìjọba tó bá fẹ́ kí Àbújá ní àṣà tirẹ̀ gbọ́dọ̀ náwó sórí àwọn gbọ̀ngàn bíi ti Garki àti abúlé Mpape, láìjá nǹkan kan gbà lọ́wọ́ Èkó.