Ìdájọ́ Ọdún 1928 nínú Ẹjọ́ Èṣùgbàyí Elékòó

Bí àwọn òpìtàn àti amòfin bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹjọ́ Èṣùgbàyí Elékòó, ìdájọ́ tí Lord Atkin kọ ní London ní oṣù Kẹta ọdún 1931 ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí: pé aláṣẹ ìjọba kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òmìnira tàbí dúkìá ọmọ abẹ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì àyàfi bí ó bá lè fi hàn níwájú ilé-ẹjọ́ pé òfin gbè é lẹ́yìn. Ìyìn tọ́ sí ìdájọ́ náà. Ṣùgbọ́n kì bá tí wáyé bí kò bá sí èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ ní 1928, tí kò sọ ohunkóhun nípa ẹ̀tọ́ Elékòó sí oyè, tí ó kàn sọ pé adájọ́ tí ẹ̀bẹ̀ bá dé iwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ.

Ìjà náà ti pẹ́ kí ó tó dé ilé-ẹjọ́. Ní 1920, Herbert Macaulay bá Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, lọ sí London nítorí ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá, pẹ̀lú ọ̀pá àṣẹ Elékòó lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ níbẹ̀ bí ìjọba nínú. Wọ́n ní kí Elékòó sẹ́ ẹ ní gbangba. Kò ṣe é bí wọ́n ti fẹ́, wọ́n sì dáwọ́ owó rẹ̀ dúró. Ní oṣù Kẹjọ 1925, lẹ́yìn tí apá kan nínú ìdílé Dòsùmú ní àwọn ti rọ̀ ọ́ lóyè, ìjọba fọwọ́ sí i, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Òfin 1917 lórí lílé olóyè tí a rọ̀ lóyè kúrò ní ìlú ni wọ́n gùn lé.

Àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ tọrọ habeas corpus, ìyẹn àṣẹ pé kí ẹni tí ó há ènìyàn mọ́ wá sọ ìdí rẹ̀. Wọ́n kọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀bẹ̀ náà lọ sọ́dọ̀ adájọ́ mìíràn, èsì tí wọ́n bá pàdé ni pé ohun tí adájọ́ kan ti kọ̀, ẹlòmíràn kò lè tún un gbọ́. Ìbéèrè tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀, bóyá àṣà Èkó ní kí ọba tí a rọ̀ lóyè fi ìlú sílẹ̀, kò tíì rí ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ìlànà ni ó ti ilẹ̀kùn.

Privy Council ṣí i ní 1928. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ àtijọ́ ni pé kí ẹni tí ó wà ní àhámọ́ máa lọ láti ọ̀dọ̀ adájọ́ kan sí èkejì, pé òfin tí ó pa àwọn ilé-ẹjọ́ England pọ̀ kò gba ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àti pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí fún adájọ́ kọ̀ọ̀kan ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Nàìjíríà: ó di dandan kí ó gbọ́ kókó ẹ̀bẹ̀ náà. (Ó yani lẹ́nu pé àwọn adájọ́ England fúnra wọn kọ̀ láti tẹ̀lé èrò yìí nínú ẹjọ́ Hastings ní 1958 àti 1959.)

Bí ẹjọ́ ṣe padà sí Èkó nìyẹn. Àwọn adájọ́ tún sọ pé àṣẹ Gómìnà ti tó, pé kò yẹ kí ilé-ẹjọ́ yẹ ìdí rẹ̀ wò. Kòtẹ́milọ́rùn tún gbé e dé London, níbi tí Lord Atkin ti ní ìwádìí náà pọn dandan: ṣé olóyè ni í lójú òfin 1917, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, ṣé àṣà sì ní kí ó lọ? Wọ́n ti gbé e kalẹ̀ pé pípa ni wọ́n ń pa irú ọba bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́, pé lílé nílùú jẹ́ àṣà kan náà tí a sọ di ìrọ̀rùn. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ilé-ẹjọ́ kò lè fúnra rẹ̀ yí àṣà ìkà padà di èyí tí ó rọ̀. Ìtẹ́wọ́gbà àwọn tí wọ́n ni àṣà ni ó ń fún un lágbára. Ẹni tí ó bá ń kọ ìtàn àṣà Yorùbá lábẹ́ ìjọba amúnisìn kò gbọdọ̀ fo gbólóhùn yìí.

Wọ́n dá ẹjọ́ náà padà sí Nàìjíríà fún ìwádìí. Lọ́dún 1931 kan náà, lábẹ́ Gómìnà tuntun, Donald Cameron, Èṣùgbàyí padà sí Èkó, Sànúsí Olúṣì sì kúrò lórí ìtẹ́ fún un. Ó wàjà ní 1932.