ÌTÀN LẸ́TÀ OLÓWÓ ORÍ: KÍ ẸGBẸ́ WA MÁ BAÀ DI ÈGBÉ

  

Ẹ ó rántí bánà tí a gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ní ọjọ́sí. Lẹ́tà ńláńlá ni wọ́n fi kọ ọ́: EGBE AKEKOOJADE. Ó rẹwà púpọ̀, àmọ́ kò sí àmì lórí, kò sí lábẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa wò ó títí, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ègbé ta lẹ wá ṣe níbí?" A bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èmi tí mo mú lẹ́tà náà fún atẹ̀wé, ẹ̀rín ọ̀hún ò dé inú mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi tọpa ìtàn rẹ̀.

Ẹ mọ lẹ́tà yìí dáadáa. Òun ló máa ń wà lára ìwé ìpè ìgbéyàwó. Ìlà tó dúró sanra bí ọmọ odó, èyí tó dábùú tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀, ó sì ní ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ níbi tí ìlà parí sí. Ti àkọlé ni, kì í ṣe ti ìwé kíkà gígùn. Bí ẹ bá kọ ọ́ ní kékeré, ìlà tín-ín-rín yẹn á pòórá.

Ibo ló ti wá? Ní 1757, John Baskerville ní Birmingham tẹ ìwé jáde lórí pépà tó jọ̀lọ̀, pẹ̀lú tàdáwà tó dúdú dáadáa, tí ìlà tín-ín-rín fi lè hàn. Kí ọ̀rúndún kejìdínlógún tó parí, ìdílé Didot ní Paris àti Giambattista Bodoni ní Parma, ní Ítálì, ti mú iṣẹ́ náà dé góńgó. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún bẹ̀rẹ̀, àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù bu ọ̀rá kún un, kí ìwé ìpolówó lè máa pariwo lára ògiri.

Ọ̀rúndún yẹn kan náà ni èdè tiwa bọ́ sórí ìwé. Ní 1843, wọ́n tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Ajayi Crowther kọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1854, Henry Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní oṣù Kejìlá 1859, Ìwé Ìròyìn jáde níbẹ̀. Ó wà títí di 1867, nígbà tí rògbòdìyàn Ìfọ́lé gbá a lọ. Ní 1875, ìjọ CMS ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Òjé ni wọ́n fi ń ṣe lẹ́tà nígbà náà. Fáwẹ̀lì márùn-ún ni Òyìnbó ń kọ. Ní kékeré àti ńlá, ó di mẹ́wàá. Tiwa jẹ́ méje, ohùn mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: 21. Kékeré àti ńlá: 42! A ò tíì ka Ṣ, n àti m o. Ta ló fẹ́ ra gbogbo ìyẹn, pàápàá lẹ́tà ńlá ti àkọlé? Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn Yorùbá kúkú fi àmì ohùn sílẹ̀.

Lẹ́tà olówó orí yìí tún wá nira jù. Bí àmì bá tín-ín-rín, ìlà tó sanra á bò ó mọ́lẹ̀. Bó bá sanra, á lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ lẹ́tà. Bí ìlà àkọlé méjì bá sún mọ́ra, àmì abẹ́ ti òkè á kọlu àmì ohùn ti ìsàlẹ̀.

Ṣé kọ̀ǹpútà ti wá yanjú ẹ̀? Ó kù díẹ̀. Playfair Display, tí Claus Eggers Sørensen ará Denmark gbé jáde ní 2011, jẹ́ ọ̀kan nínú irú lẹ́tà yìí, ọ̀fẹ́ sì ni. Èdè Vietnam náà ń lo ẹ àti ọ, torí náà fọ́ǹtì tó bá ní ti Vietnam á ní méjèèjì. Ṣùgbọ́n àmì ohùn ni kíkán abẹ́ yẹn jẹ́ fún wọn, kì í pàdé àmì ohùn mìíràn. Tiwa ń pàdé: ẹ́, ọ̀. Kọ̀ǹpútà kò fún wọn ní àyè tiwọn; ó ń to àmì lé lẹ́tà lórí ni. Bí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì kò bá fi ibi tí àmì máa jókòó hàn án, àmì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó di àpótí òfìfo.

Ẹ má pè é ní ọ̀rọ̀ kékeré. A ní ojú ewé ìrántí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó ti sùn. Bí a bá kọ OJO síbẹ̀, ṣé Òjó ọ̀rẹ́ wa ni, àbí òjò, àbí ọjọ́, àbí ojo tó ń sá lójú ogun? Ọmọ tó máa kà á lẹ́yìn ogún ọdún ò ní í mọ̀.

Torí náà, kí ẹ tó sanwó fún atẹ̀wé, ẹ ní kó tẹ "Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́jáde" ní lẹ́tà ńlá, kẹ́ ẹ rí i lójú ara yín. Bí àmì ò bá jókòó dáadáa, ẹ mú lẹ́tà mìíràn, bí èyí wù yín tó wù yín. Èmi ti jẹ̀bi tèmi, mo sì ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ olùkọ́ wa. Ẹgbẹ́ wa kò ní í di ègbé o. Àṣẹ.