Ẹyẹ Kan, Sẹ́ǹtì Díẹ̀: Bí Àwọn Ẹgbẹ́ Kékeré Ṣe Gba Ẹyẹ Amẹ́ríkà Sílẹ̀

  

Bí oṣù karùn-ún bá ti wọlé níhìn-ín, ẹ ó máa rí àwọn ènìyàn kan nínú ọgbà ìgbafẹ́ láàárọ̀ kùtùkùtù. Wọn a fi awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn kọ́rùn, wọn a gbójú sókè sí orí igi, wọn kì í sì í pariwo. Ẹyẹ ni wọ́n ń wò. Bí wọ́n bá rí ọ̀kan, wọn a kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ lè rò pé eré àwọn tí ọwọ́ wọn dilẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọjọ́ kan nínú oṣù náà, owó wà lórí gbogbo ẹyẹ tí wọ́n bá kọ sílẹ̀. Kì í ṣe owó tẹ́tẹ́ o. Owó ìdáwó ẹgbẹ́ ni. Ìtàn bí èyí ṣe bẹ̀rẹ̀ ni a fẹ́ sọ lónìí, nítorí pé ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú rẹ̀ fún ẹgbẹ́ bíi tiwa.

ÀKẸTẸ̀ TÓ WỌ́N JU WÚRÀ LỌ

Ní nǹkan bí 120 ọdún sẹ́yìn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, oge tó gbòde láàárín àwọn obìnrin olówó ní New York, London àti Paris ni àkẹtẹ̀ tí a fi ìyẹ́ ẹyẹ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Nígbà mìíràn, odidi ẹyẹ ni wọ́n máa ń rán mọ́ ọn. Ní ọdún 1886, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fẹ́ràn ẹyẹ, Frank Chapman, rìn káàkiri àdúgbò àwọn ìsọ̀ ńlá ní New York, ó sì ń ka àkẹtẹ̀ orí àwọn obìnrin tó ń kọjá. Nínú àkẹtẹ̀ 700 tó kà, 542 ló ní ìyẹ́ ẹyẹ lára, oríṣi ẹyẹ tó sì dá mọ̀ lára wọn jẹ́ 40.

Èyí tí wọ́n ń wá jù ni ìyẹ́ àwọn ẹyẹ funfun ẹsẹ̀ gígùn tí wọ́n ń gbé etí omi, àwọn tí wọ́n jẹ́ ìbátan lékeléke tiwa. Ìyẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tó máa ń hù sí ẹ̀yìn wọn ní àsìkò tí wọ́n bá ń yé ẹyin tí wọ́n sì ń tọ́mọ. Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn ọdẹ máa ń lọ bá wọn nídìí ìtẹ́. Wọ́n á yìnbọn pa bàbá àti ìyá, wọ́n á bó ìyẹ́ ẹ̀yìn wọn, wọ́n á sì fi òkú wọn sílẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà nínú ìtẹ́ á máa ké títí ebi yóò fi pa wọ́n kú. Kì í ṣe ẹyẹ kan ṣoṣo ni ìbọn náà ń pa, odidi ìdílé ni.

Owó ló fà á. Ní ọdún 1903, wọ́n ń san dọ́là 32 fún ọdẹ lórí áúnsì kan ìyẹ́ yìí. Áúnsì kan wúrà kò tó dọ́là 21 nígbà náà. Ta ni yóò dá irú ọjà bẹ́ẹ̀ dúró?

TÍÌ NÍ BOSTON

Ẹni kan ti kọ́kọ́ gbìyànjú. Ní 1886, George Bird Grinnell, olóòtú ìwé ìròyìn kan, dá ẹgbẹ́ ààbò ẹyẹ sílẹ̀. Ó fi orúkọ John James Audubon pè é, ìyẹn ayàwòrán ẹyẹ tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀. Ènìyàn rọ́ wọ inú ẹgbẹ́ náà bí omi. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ṣoṣo ló ń gbé gbogbo ẹrù rẹ̀, kò sì pé ọdún mẹ́ta tí ẹrù náà fi wọ̀ ọ́ lọ́rùn, tí ẹgbẹ́ sì túká. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe akápò rí, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí yín. Èrò púpọ̀ nìkan kọ́ ni ẹgbẹ́.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1896, ìyáàfin kan ní Boston tó ń jẹ́ Harriet Hemenway gbọ́ nípa bí wọ́n ṣe ń pa ẹyẹ wọ̀nyí, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ mọ́. Ó pe ìbátan rẹ̀, Minna Hall. Àwọn méjèèjì gbé ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ènìyàn pàtàkì ìlú sí, wọ́n fi àmì sí orúkọ àwọn obìnrin tí wọ́n rò pé ó ń de àkẹtẹ̀ oníyẹ̀ẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n wá mu tíì. Bí ẹ̀yin ìyá wa ṣe ń pín aṣọ ẹbí láti ilé dé ilé ni àwọn náà ṣe pín ọ̀rọ̀ yìí. Wọn kò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn ṣàlàyé ibi tí ìyẹ́ náà ti wá. Nǹkan bí 900 obìnrin ló jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kò ní dé e mọ́.

Ẹ rántí pé obìnrin kò tíì ní ẹ̀tọ́ láti dìbò yan ààrẹ ní Massachusetts nígbà náà. Síbẹ̀ wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n fi onímọ̀ ẹyẹ kan, William Brewster, ṣe ààrẹ rẹ̀, wọ́n sì ń san owó ẹgbẹ́. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ti dá tiwọn sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, àwọn obìnrin ló bẹ̀rẹ̀ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1889.

ẸNI TÓ KÚ SÍ I

Òfin àkọ́kọ́ fún gbogbo Amẹ́ríkà lórí títa ẹran ìgbẹ́ àti ẹyẹ tí a pa lọ́nà àìtọ́ jáde ní 1900. Ṣùgbọ́n òfin tí kò ní ẹ̀ṣọ́, ìwé lásán ni. Nítorí náà àwọn ẹgbẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó láti gba ẹ̀ṣọ́ fún ẹyẹ. Ní gúúsù Florida, Guy Bradley ni wọ́n gbà, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣọdẹ ìyẹ́ rí nígbà èwe rẹ̀. Dọ́là 35 ni owó oṣù rẹ̀. Ọkùnrin kan ṣoṣo, ọkọ̀ ojú omi kan, àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ.

Ní ọjọ́ 8 oṣù keje ọdún 1905, ó gbọ́ ìró ìbọn, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ síbẹ̀, wọ́n sì yìnbọn pa á. Ó fi ìyàwó àti ọmọ méjì sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ ilé ẹjọ́ kọ̀ láti fi ẹ̀sùn kan ẹni tó pa á. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dáwó jọ fún opó rẹ̀ láti fi ra ilé.

Ikú yìí ta ọ̀pọ̀ ènìyàn jí. Ní 1910, New York ṣe òfin tó ká ọjà ìyẹ́ lọ́wọ́ kò. Ní 1913, ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de kíkó ìyẹ́ wọ ìlú. Ní 1916, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó dúró fún Kánádà, bá ara wọn ṣe àdéhùn láti dáàbò bo ẹyẹ tó ń ré kọjá ààlà. Àdéhùn náà sì di òfin Amẹ́ríkà ní 1918. Ó tó ọdún 22 láti ìgbà tí wọ́n ti mu tíì ní Boston. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

LÁTI ÌBỌN SÍ ÌWÉ ÀTI GÈGÉ

Ohun tó kù ni bí ènìyàn yóò ṣe gbádùn ẹyẹ láìpa á. Frank Chapman tó ka àkẹtẹ̀ ló tún mú ìmọ̀ràn wá. Ó jẹ́ àṣà àwọn kan láti pín ara wọn sí ọ̀wọ́ nígbà Kérésìmesì, kí wọ́n sì wò ó bóyá ọ̀wọ́ wo ló lè pa ẹran àti ẹyẹ jù. Ní Kérésìmesì ọdún 1900, Chapman ní kí wọ́n máa kà wọ́n dípò kí wọ́n máa pa wọ́n. Ènìyàn 27 péré ló jáde. Lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń ṣe é lọ́dọọdún.

Kò pẹ́ tí kíkà náà fi dé ìgbà ìrúwé, nítorí pé oṣù karùn-ún ni ọjà ẹyẹ máa ń kún jù. Àwọn ẹyẹ wẹẹrẹ tí wọ́n ti sá fún òtútù lọ sí Mẹ́síkò, erékùṣù Caribbean àti Gúúsù Amẹ́ríkà a máa padà bọ̀ lọ sí àríwá. Òru ni púpọ̀ nínú wọn ń rìn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn a sọ̀ sórí igi èyíkéyìí tí wọ́n bá rí láti sinmi kí wọ́n sì jẹun, ìbáà ṣe igi àárín ìlú ńlá. Àwọn akọ a ti wọ aṣọ tuntun, wọn a sì máa kọrin wá ìyàwó. Nítorí náà àwọn ọ̀rẹ́ a máa bá ara wọn díje pé ta ni yóò rí oríṣi ẹyẹ jù láàárín ọjọ́ kan.

Ní 1976, ibùdó ìwádìí ẹyẹ Long Point ní Ontario, ní Kánádà, so owó mọ́ ìdíje yìí. Wọ́n pè é ní Birdathon. Ọ̀nà rẹ̀ rọrùn. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọ̀wọ́ kan fẹ́ jáde ní ọjọ́ Sátidé. Wọ́n á lọ bá aládùúgbò, ọ̀rẹ́ àti ẹbí pé kí wọ́n ṣèlérí sẹ́ǹtì 50 lórí oríṣi ẹyẹ kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀wọ́ náà bá rí oríṣi 100, olúkúlùkù yóò san dọ́là 50. Bí olùrànlọ́wọ́ bá jẹ́ 20, dọ́là 1,000 ti wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò sì sí ẹni tó dùn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1984, Pete Dunne àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní New Jersey gbé e ga sí i. Wọ́n pè é ní World Series of Birding: wákàtí 24, láti ọ̀gànjọ́ òru dé ọ̀gànjọ́ òru, nínú ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀wọ́ 13 ló jáde lọ́dún náà. Àwọn tó gbégbá orókè, tí Roger Tory Peterson tó kọ ìwé atọ́nà ẹyẹ tó gbajúmọ̀ wà láàárín wọn, rí oríṣi 201. Láti ìgbà náà, ìdíje yìí ti mú ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là wọlé fún ààbò igbó àti àbàtà. Sẹ́ǹtì lórí sẹ́ǹtì ni o.

LÉKELÉKE DÉ

Àwọn ẹyẹ funfun tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pa run tán ti padà sí etí omi káàkiri Amẹ́ríkà. Ní 1953, ọ̀kan nínú wọn di àmì National Audubon Society. Ní ọdún kan náà ni wọ́n rí ìtẹ́ àlejò kan ní Florida, lẹ́bàá adágún Okeechobee. Lékeléke tiwa gan-an ni, èyí tó ń tẹ̀ lé màlúù, tí àwọn ọmọdé ilé máa ń na èékánná sí pé kó fún àwọn ní funfun.

Kò gba físà, ẹnikẹ́ni kò sì gbé e wá. Ìyẹ́ ara rẹ̀ ló fi ré kọjá òkun láti Áfíríkà. Wọ́n ti rí i ní Suriname láàárín ọdún 1877 sí 1882, wọ́n sì rí i ní Florida ní 1941. Lónìí ó ti tàn dé Kánádà. Bí ó bá jẹ́ pé 1890 ló dé Florida ni, bóyá orí àkẹtẹ̀ ni ì bá parí ìrìn àjò rẹ̀ sí. Òfin tí àwọn ẹlòmíràn ti jìyà lé lórí ló bá nílẹ̀.

OJÚ Ọ̀RUN TÓ ẸYẸ Í FÒ

A kò ní í fi apá kan ìtàn pamọ́. Audubon tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ẹgbẹ́ yìí ra ẹrú, ó sì ta ẹrú. Ó sì pẹ́ tí ènìyàn dúdú kì í rí ọ̀nà wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, tàbí kó fọkàn balẹ̀ nínú igbó pẹ̀lú awò lọ́rùn. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 2020, Christian Cooper, ènìyàn dúdú tó wà nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ẹyẹ New York, ń wo ẹyẹ ní Central Park. Ó ní kí obìnrin aláwọ̀ funfun kan so ajá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin ọgbà náà. Obìnrin náà pe ọlọ́pàá, ó ní ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ń dẹ́rù ba òun. Fídíò tí Cooper ká sílẹ̀ ló gbèjà rẹ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó jẹ́ ènìyàn dúdú fi dá Black Birders Week sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ ìwòran ẹyẹ fún àwọn ènìyàn wa. Ní 2023, ẹgbẹ́ àpapọ̀ pinnu láti má yí orúkọ Audubon padà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Seattle yí tirẹ̀ padà lọ́dún náà, ti New York sì tẹ̀ lé e ní 2024. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láì fara kanra.

IṢẸ́ KÙ

Ní 2019, àwọn onímọ̀ fi hàn pé ẹyẹ Amẹ́ríkà àti Kánádà ti dín ní nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́ta láti 1970. Kì í ṣe ìbọn ló ń pa wọ́n mọ́ bí ti àtijọ́. Igbó àti pápá tó ń tán, oògùn kòkòrò, ológbò àti gíláàsì fèrèsé ló kù. Nílé náà, Olóyè S. L. Edu dá Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀ ní 1980, àjọ náà sì ṣí ọgbà rẹ̀ ní Lẹ́kí ní 1990. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti òyìnbó nìkan.

Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ ẹyẹ àdúgbò yín bá kéde ìrìn àárọ̀ lóṣù karùn-ún, ẹ mú àwọn ọmọ lọ. Púpọ̀ nínú àwọn ìrìn yìí kì í gba owó. Ẹ ṣèlérí sẹ́ǹtì díẹ̀ lórí ẹyẹ kan. Ẹ pa iná tí ẹ kò lò lóru, nítorí pé ó máa ń ṣi àwọn arìnrìn-àjò yìí lọ́nà. Bí ẹ bá sì rí lékeléke lẹ́yìn màlúù ní Florida tàbí Texas, ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún àwọn ọmọ ní Yorùbá, kí wọ́n mọ̀ pé ará ilé ni.

Obìnrin méjì àti ife tíì ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó borí ọjà tó wọ́n ju wúrà lọ. Nígbà tí ẹgbẹ́ tiwa bá tún gbé àpò ìdáwó kalẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé tòun kéré. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.