Ẹgbẹ́ Shooting Stars, Àwọn Olólùfẹ́ Rẹ̀ àti Àwọn Akọ̀ròhìn

Nígbà tí olóòtú ìwé wa yìí ní kí n kọ àròkọ kan nípa ìtàn, mo mọ̀ pé ogun Jálumi tàbí ogun Kírìjì ni ó wà lọ́kàn rẹ̀, nítorí ohun tí à ń pè ní ìtàn láàárín wa nìyẹn: ọba, ogun, àti oyè. Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo gbọ́ jù lọ ní ilé wa ní Ìbàdàn kì í ṣe ti ogun. Ti bọ́ọ̀lù ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí ó jẹ́ télọ̀ ní Òkè-Àdó, kò lè rán ṣòkòtò kan tán kí ó má dárúkọ Muda Lawal. Nítorí náà ìtàn ẹgbẹ́ Shooting Stars ni mo fẹ́ sọ, pàápàá jù lọ ìjà kan tí ó wà láàárín àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà àti àwọn akọ̀ròhìn, ìjà tí kò tíì parí bí mo ti ń kọ èyí.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ díẹ̀ nípa ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ náà, nítorí àwọn tí kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn. Ilé-iṣẹ́ ìjọba ni ó bí i. Orúkọ àjọ tí ń mójú tó ìdàgbàsókè ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, WNDC, ni ó ń jẹ́, orúkọ yìí ni ó sì fi gba ife Challenge ní 1971. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sí ọwọ́ àjọ mìíràn tí ń jẹ́ IICC, títí di òní olónìí sì ni àwọn àgbà kan kì í pè é ní Shooting Stars. "Áì-áì-sí-sí" ni wọ́n ń wí, bí ẹni tí ń ki òrìṣà ilé bàbá rẹ̀. Ní 1976 ni ògo rẹ̀ yọ. Ó gba líìgì ilẹ̀ Nàìjíríà, ó sì tún gba ife tí àwọn ẹgbẹ́ tí ó gba ife ní orílẹ̀-èdè wọn ń du ní Áfíríkà. Tonnerre ti Yaoundé ni ó bá pàdé ní ìparí, àwọn tí ife náà wà lọ́wọ́ wọn láti ọdún tí ó ṣáájú, tí Roger Milla sì wà láàárín wọn. Ní Ìbàdàn, góòlù 4 sí 1 ni a fi nà wọ́n. Kí ọdún náà tó dé, kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kan tí ó gba ife Áfíríkà rí.

Nígbà náà, ìròhìn kò jìnnà sí pápá. Ìbàdàn ni wọ́n ti ń tẹ Tribune láti 1949, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń tẹ Daily Sketch láti 1964, ilé amóhùnmáwòrán WNTV sì ti wà níbẹ̀ láti 1959. Akọ̀ròhìn tí ó kọ̀wé nípa ẹgbẹ́ náà ní òwúrọ̀ lè bá àwọn agbábọ́ọ̀lù pàdé ní Dùgbẹ̀ ní ọ̀sán. Bí ó bá kọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, ojú ọ̀nà ni wọn yóò ti bi í. Rédíò ní tirẹ̀ ní Ernest Okonkwo. Ọkùnrin yìí kì í ṣe Yorùbá, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì fi ń sọ bọ́ọ̀lù, síbẹ̀ òun ni àwọn ènìyàn gbà pé ó fún Segun Odegbami ní orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, "Mathematical". Ìyá bàbá mi, tí kò mọ A yàtọ̀ sí B, ń pè é ní "Matimátíkà" títí ó fi kú, ó sì rò pé orúkọ ìdílé rẹ̀ ni. Ẹ wo bí ohùn inú rédíò ti lágbára tó nígbà náà.

N kò ní pẹ́ púpọ̀ lórí àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, nítorí ẹ ó rí ẹni sọ ọ́ fún yín ní gbogbo ilé ọtí Ìbàdàn. Ní 1980, nígbà tí Nàìjíríà fi góòlù mẹ́ta sí òdo na Algeria ní Èkó tí a sì gba ife Áfíríkà, Odegbami gbá méjì wọlé, Muda Lawal gbá ẹ̀kẹta. Ọmọ Shooting Stars ni àwọn méjèèjì. Ní 1984, Zamalek ti Íjíbítì nà wá ní Kaírò, ó tún nà wá ní Èkó, Odegbami sì fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1992 wọ́n dá ife tuntun kan sílẹ̀, ife CAF tí Moshood Abíọ́lá fi ta Áfíríkà lọ́rẹ, àwa ni a sì kọ́kọ́ gbà á: a ta ọ̀mì òdo sí òdo pẹ̀lú Villa ti Uganda ní Kampala, a sì nà wọ́n ní góòlù 3 sí òdo ní ilé. Ní 1996, Zamalek kan náà fi pẹnáritì gba ife ńlá lọ́wọ́ wa. Ní 1998 a gba líìgì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọdún yìí sọ́kàn. Ní 1999 ni Kanu lọ sí Arsenal.

Mo so ọdún méjèèjì pọ̀ nítorí pé bí ẹgbẹ́ wa ti ń rẹ̀ sílẹ̀ ni ojú gbogbo ènìyàn ń yí sí ìlú Òyìnbó. Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù hù káàkiri àdúgbò bí olú. Ọmọdé tí kò mọ ọ̀nà Adámásìngbà lè ka orúkọ gbogbo àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù fún Chelsea láìsinmi. Sketch kógbá sílé. Àwọn ìwé ìròhìn eré ìdárayá tí ó kù, Èkó ni púpọ̀ nínú wọn fi ṣe ibùjókòó, bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Òyìnbó ni ó sì ń kún iwájú àti ẹ̀yìn wọn. Nígbà tí Shooting Stars já sí ìpele kejì ní 2017, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí. Mo rántí pé ojú ewé kan lásán ni mo rí i kà, ìlà díẹ̀ ni wọ́n sì fún wa nínú rẹ̀.

Ọdún mẹ́rin gbáko ni a lò ní ìsàlẹ̀. Ní 2021 a gòkè padà, ibẹ̀ ni ìjà tí mo ń sọ ti bẹ́. Ìròhìn wá kún ìgboro. Lójijì, gbogbo ẹni tí ó ní kálàmù àti gbohùngbohùn ti di ará ilé. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ, ọ̀rọ̀ kan ni ó ń tún ara rẹ̀ wí: pé òmìrán tí ó sùn ti jí. Àwọn tí ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ lórí rédíò gbé e bẹ́ẹ̀, wọ́n tún fi iyọ̀ sí i. Àwọn kan ní jagunjagun Olúyọ̀lé ti sọjí, àwọn kan ní ó ti jíǹde.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lórí rédíò nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn. Ó dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì, ó ní, "Ta ni ó sùn?" Mo ní, "Bàbá, àkàwé ni wọ́n ń ṣe." Ó ní, "Mo mọ̀ pé àkàwé ni. Ìwọ tí ń lọ kọ́ èdè ní yunifásítì, sọ fún mi. Ẹni tí ó sùn, ǹjẹ́ ó máa ń gbá bọ́ọ̀lù? Ẹni tí ó kú, ǹjẹ́ ó máa ń wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú onílùú kí wọ́n lè nà án?" N kò rí èsì fọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń yẹ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò. Nínú "jí" àti "jíǹde", ohun kan náà ni ó wà: ìgbà kan wà tí kò sí nǹkan kan, kò sí ìró, kò sí ìrìn. Ẹni tí ó bá kà á yóò rò pé láti 2017 dé 2021, pápá pa rọ́rọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹgbẹ́ náà ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìpele kejì ní sáà lẹ́yìn sáà, àfi nígbà tí àrùn Kòrónà dá eré dúró ní 2020, àwọn ènìyàn sì ń tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ń san owó ọkọ̀, wọ́n ń lu agogo, wọ́n ń fọn fèrè, òjò ń pa wọ́n. Àwọn tí ó sùn ni àwọn tí kò wá. Ìgbà tí àwọn wọ̀nyí la ojú wọn ni wọ́n rí òmìrán, wọ́n sì rò pé òun ni ó jí. "Sọjí" sàn díẹ̀, nítorí ewéko tí ó rọ tí òjò rọ̀ sí lè sọjí, kò sì tíì kú. Ṣùgbọ́n ewéko kì í fúnra rẹ̀ bomi rin ara rẹ̀, ẹni tí ó bomi rin ín kò sì sí nínú ìròhìn náà.

Ìyá kan tí ń ta omi àti ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá Adámásìngbà, tí wọ́n sọ ní orúkọ olóyè Lékan Sàlámì, ní ẹ̀sùn mìíràn. Ó ní òun kò mọ ìwé kà ṣùgbọ́n òun mọ àwòrán wò. Ó ní, "Ọmọ mi, gbogbo fọ́tò tí wọ́n mú wá hàn wá lọ́dún náà, àwọn tí ó wọ agbádá ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó gbá bọ́ọ̀lù dúró sí ẹ̀yìn." Mo wá àwọn àwòrán náà lọ fúnra mi. N kò lè sọ pé gbogbo wọn ni ó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n agbádá pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Ìjọba ni ó ni ẹgbẹ́ náà, ìjọba ni ó ń náwó sí i, kò sì burú kí a kọ ọ́. Ohun tí ó ń dun ìyá yìí ni pé nígbà tí a já sílẹ̀, kò rí agbádá kan nínú fọ́tò.

Ọ̀rọ̀ Remo Stars sì tún wà níbẹ̀. Àwọn àti àwa ni a jọ já sílẹ̀ ní 2017, a sì jọ gòkè ní 2021. Ẹgbẹ́ aládàáni ni tiwọn, ní Ìkẹ́nnẹ́. Ní 2025 wọ́n gba líìgì Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn, gbogbo akọ̀ròhìn sì gba ibẹ̀ lọ. Àwọn ará Ìbàdàn kan ń bínú sí i, wọ́n ń sọ pé wọ́n ti gbàgbé ẹni tí ó ṣáájú. Mo rò pé ìlara lásán nìyí, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ẹni tí ó gba ife ni à ń kọ̀wé nípa rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún wa ní 1976.

Mo lọ bá akọ̀ròhìn àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, kí n lè gbọ́ tẹnu rẹ̀ pẹ̀lú. Kò sẹ́. Ó ní, "Àbúrò, ta ni yóò san owó ọkọ̀ mi lọ wo bọ́ọ̀lù ìpele kejì? Olóòtú mi yóò bi mí pé ènìyàn mélòó ni yóò ra ìwé nítorí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ráhùn, ìròhìn Manchester United ni ẹ ń rà." Òótọ́ korò. Ó wá sọ nǹkan kan tí n kò lè gbàgbé. Ó ní nígbà tí òun ń kọ̀wé, bí òun bá kọ pé wọn kò san owó oṣù àwọn agbábọ́ọ̀lù, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ pe òun ní ọ̀tá. Wọ́n ní kí òun má tú àṣírí ilé.

Níbí ni mo ti rí ẹ̀bi tiwa. Oríkì ni a fẹ́, a kò fẹ́ ìròhìn. Oríkì kì í sọ ọjọ́ tí a na baba ẹni. Ní ilé wa, mo ti gbọ́ góòlù 4 sí 1 ti 1976 ní ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, mo mọ bí àwọn ènìyàn ti ń gbá ara wọn mọ́ra, mo mọ ohun tí wọ́n jẹ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Yunifásítì ni mo dé kí n tó kà á pé nígbà tí wọ́n lọ sí Yaoundé fún ìpàdé kejì, Tonnerre nà wá ní góòlù 1 sí òdo. Nígbà tí mo bi ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ó ní, "Ìyẹn kò ṣe pàtàkì." Nítorí náà, bí akọ̀ròhìn bá fo ọdún mẹ́rin, àwa náà ti fo àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú.

Síbẹ̀ mo gbà pé àìsí ìròhìn wúwo ju ìròhìn búburú lọ. Bí ẹnìkan nínú wa bá fẹ́ kọ ìtàn ẹgbẹ́ yìí lọ́la, yóò rí 1976 nínú àwọn ìwé ìròhìn àtijọ́ ní ilé ìkówèésí, yóò rí 1992, yóò rí 1996. Bí ó bá dé 2018, kí ni yóò rí kà? Mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi nígbà ìsinmi tí ó kọjá. Kò dá mi lóhùn. Ó ṣí àpótí tí ó ń kó bọ́tìnì sí, ó fa ìwé kan yọ, irú èyí tí a ń lò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Ó ti ń kọ ọ́ láti ọjọ́ tí a ti já sílẹ̀, pẹ̀lú bírò, ní Yorùbá tí kò ní àmì ohùn: ọjọ́, ẹni tí a bá pàdé, iye góòlù, ẹni tí ó gbá a wọlé bí ó bá mọ orúkọ rẹ̀, iye tí òun san fún ọkọ̀. Níbì kan ó kọ ọ́ pé òjò rọ̀, a jẹ ọ̀mì, àwọn tí ó wá kò pọ̀. Níbì kan ó kọ "wọ́n nà wá" láìsí àlàyé kankan.

Mo ní kí ó jẹ́ kí n gbé e wá sí yunifásítì. Ó ní kí n jókòó síbẹ̀ kí n dà á kọ, nítorí Shooting Stars ń gbá bọ́ọ̀lù ní Sọ́ńdè, òun yóò sì lò ó. Mo ti da púpọ̀ nínú rẹ̀ kọ. Ó ku ojú ewé mọ́kànlá.