Ẹgbẹ́ mi ni mẹ́mọ́rì káàdì: ìtàn káàdì kékeré tó gbé ohùn Ìyá àgbà mi lọ

1/ Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ o, thread gígùn ni. Ọdún 1999 ni wọ́n bí mi. Ọdún 1999 náà ni wọ́n kéde SD card fún aráyé. Ẹgbẹ́ ni wá. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ mi yìí dà mí, ó sì dùn mí débi pé mo jókòó wá ìtàn ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

2/ Ọmọ Àwórì ni Ìyá àgbà mi. Ọ̀tà ni wọ́n bí wọn sí, Ọ̀tà náà ni wọ́n dàgbà sí. Wọ́n mọ oríkì ilé wa láti orí àwọn baba ńlá títí dé orí àwa ọmọ-ọmọ. Lọ́jọ́ Sunday kan, inú wọn dùn, wọ́n ní kí n gbé fóònù mi wá. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi kì wá. Mo ya á ní fídíò mẹ́fà.

3/ Fóònù mi ti kún nígbà yẹn, torí náà mo ti ra mẹ́mọ́rì tuntun lábẹ́ bíríìjì Sango. "128GB" ni wọ́n kọ sára ẹ̀ gàdàgbà. Owó pọ́ọ́kú ni. Ibẹ̀ ló yẹ kí ojú mi ti là, ṣùgbọ́n ta ni kì í fẹ́ ohun tó pọ̀ lówó kékeré?

4/ Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo fẹ́ gé fídíò yẹn kí n gbé e sórí pèpéle mi. Àkọ́kọ́ ṣí. Èkejì kọ̀. Ẹ̀kẹta kọ̀. Orúkọ fáìlì wà níbẹ̀, déètì wà níbẹ̀, iye tó wọ̀n wà níbẹ̀, àmọ́ inú ẹ̀ ṣófo. Fídíò márùn-ún, orúkọ lásán. Ṣé ẹ mọ bó ṣe ń ṣeni? Bí ẹni ṣí àpótí aṣọ ìyá ẹ̀, tó bá èèpo.

5/ Kí ló dé? Ká tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká lọ sí Japan, ọdún 1984. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Toshiba, Fujio Masuoka, ló kọ́kọ́ gbé irú mẹ́mọ́rì tí wọ́n ń pè ní flash jáde. Iná mànàmáná kín-ń-kín ni wọ́n máa ń há mọ́ inú ihò tí ojú ò lè rí. Bí ẹ bá pa fóònù, iná yẹn ò ní jáde, ìyẹn ló jẹ́ kí àwòrán yín ṣì wà. Orúkọ yẹn, "flash", ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló mú un wá, torí bí mẹ́mọ́rì náà ṣe ń pa nǹkan rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà jọ iná kámẹ́rà tó bù yẹ̀rì.

6/ Lẹ́yìn ìyẹn, káàdì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ní 1997, SanDisk àti Siemens gbé MMC jáde. Ní 1998, Sony gbé Memory Stick tiẹ̀ jáde. Ní 1999, SanDisk, Panasonic àti Toshiba para pọ̀, wọ́n kéde SD. Ní 2000, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí á máa ṣòfin fún káàdì náà, kí ti ilé iṣẹ́ yìí lè wọ ẹ̀rọ ti ilé iṣẹ́ tọ̀hún.

7/ Àwa ńkọ́? Oṣù Kẹjọ 2001 ni GSM dé Nàìjíríà. Nokia 3310 tí gbogbo ayé ń gbé kiri nígbà yẹn ò ní ojú káàdì rárá. Nígbà tí fóònù olórin dé, wàhálà dé. Nokia N70 ń lo RS-MMC. N73 ń lo miniSD. Sony Ericsson ń lo M2 tiẹ̀. Nílé wa, fóònù mẹ́ta, káàdì mẹ́ta, kò sí èyí tó wọ inú èkejì. Bí orin bá wà lórí ti ẹ̀gbọ́n mi, àfi kí n fi Bluetooth tọrọ ẹ̀, kí n sì kọ́kọ́ bá wọn fọ abọ́.

8/ Ẹni tó parí ìjà yẹn kéré gan-an. Ní 2004, SanDisk gbé káàdì kan jáde tí wọ́n ń pè ní TransFlash, Motorola sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi sí fóònù. Ní 2005, ẹgbẹ́ SD gbà á wọlé, wọ́n yí orúkọ ẹ̀ sí microSD. Mílímítà 15 ní gígùn, 11 ní fífẹ̀. Kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Òun náà la ń pè ní mẹ́mọ́rì títí dòní.

9/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà ní Sango, ẹ rántí àwọn bọ̀dá tó ń fi orin sí mẹ́mọ́rì? Tábìlì kan, kọ̀ǹpútà kan, agboòrùn kan, spíkà tó ń ké. Ẹ ó mú káàdì yín fún wọn, ẹ ó ní "ẹ bá mi kó fújì sí i, kẹ́ ẹ fi gospel díẹ̀ kún un fún màmá mi." Ẹ san owó, ẹ dúró, káàdì ti kún. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ Ọ̀tà, earpiece létí, mẹ́mọ́rì yẹn ni rédíò wọn. Dátà wọ́n nígbà yẹn. Ẹsẹ̀ wa ni íntánẹ́ẹ̀tì.

10/ Kì í sì í ṣe àwa nìkan o. Ní Kidal, ní àríwá Mali, nínú aṣálẹ̀, orin ń ti fóònù kan bọ́ sí òmíràn nípa mẹ́mọ́rì àti Bluetooth. Ará Amẹ́ríkà kan, Christopher Kirkley, kó àwọn orin tó bá nínú àwọn káàdì wọ̀nyẹn jọ, ó sì gbé wọn jáde nínú àwo tó pè ní Music from Saharan Cellphones. Ẹ rò ó wò. Orin tí ilé rédíò ńlá ò mọ̀, mẹ́mọ́rì káàdì ló gbà á là.

11/ Ó dáa, ẹ jẹ́ ká dé orí ohun tí ẹ máa ń bi mí nínú DM: "Kí ló dé tí fóònù mi ò ka káàdì mi?" Ìdílé ni, ẹ̀yin èèyàn mi. SD àtijọ́ ò ju 2GB lọ. SDHC dé ní 2006, ó gbé e dé 32GB. SDXC dé ní 2009, ó gbé e dé 2TB. Fóònù tuntun máa ka káàdì àtijọ́. Fóònù àtijọ́ kì í sábà ka káàdì tuntun. Ọmọ mọ èdè bàbá, bàbá ò gbọ́ èdè ọmọ.

12/ Ìdí kan ni pé SDHC ń fi ètò FAT32 to fáìlì, SDXC sì ń lo exFAT. Fóònù tí ò mọ exFAT á ní káàdì yín bàjẹ́, á ní kẹ́ ẹ format ẹ̀. Ẹ JỌ̀Ọ́, ẹ má tẹ "Yes". Káàdì yẹn lè má ṣe nǹkan kan rárá. Ẹ yọ ọ́, ẹ kì í bọ fóònù tuntun tàbí kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ kó ẹrù yín jáde ná. Ẹ tún rántí pé FAT32 kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4GB. Bí fídíò ìgbéyàwó bá ń gé sí wẹ́wẹ́, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.

13/ Ìyára ńkọ́? Nọ́ńbà ńlá iwájú páálí, "100MB/s", kíkà ló sábà máa ń jẹ́, níbi tó ti dùn jù. Èyí tó kan àwa tá à ń ya fídíò ni ìwọ̀n tí kíkọ ò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ jù. Class 4: 4MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Class 10, U1 àti V10: 10MB. U3 àti V30: 30MB. Bí káàdì bá lọ́ra ju kámẹ́rà lọ, fídíò á máa dúró lójijì. Fún 4K lórí fóònù, V30 ti tó yín.

14/ A1 àti A2 ńkọ́? Ti app nìyẹn. App kì í ka fáìlì ńlá kan, ó máa ń ṣa ẹyọ ẹyọ bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo. A1 gbọ́dọ̀ lè kà ní ìgbà 1500, kó sì kọ ní ìgbà 500, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti A2 jẹ́ 4000 àti 2000, àmọ́ fóònù náà gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ẹ má sì lọ ra V90 fún fóònù. Ẹ wo ẹ̀yìn káàdì: bí irin wúrà bá jẹ́ ìlà méjì, UHS-II ni, ọ̀pọ̀ fóònù ò lè lo ìlà kejì yẹn. Owó yín ló máa ṣòfò.

15/ Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sábẹ́ bíríìjì. Ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: kọ̀ǹpútà kékeré kan wà nínú gbogbo mẹ́mọ́rì káàdì. Òun ló ń sọ fún fóònù pé "mo tó báyìí". Ní oṣù Kejìlá 2013, ní ìpàdé kan ní Hamburg ní Jámánì, bunnie Huang àti ẹnì kejì ẹ̀ fi han gbogbo ayé pé èèyàn lè tún kọ́ kọ̀ǹpútà yẹn ní ohun tó máa sọ. Àwọn oníjìbìtì ti ń jẹun níbẹ̀ tipẹ́. Wọ́n á mú káàdì 8GB, wọ́n á kọ́ ọ ní irọ́, á máa pe ara ẹ̀ ní 128GB.

16/ Fóònù á gbà á gbọ́. Ẹ ó máa kó nǹkan sí i, á máa ní "ó ti wọlé." Títí 8GB á fi kún. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tẹ́ ẹ bá kó sí i máa dà nù, tàbí kó gun orí ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ á ṣì hàn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa lé e bá. Ọjọ́ tí tèmi lé e bá, ohùn Ìyá àgbà ló wà lẹ́nu ẹ̀.

17/ Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó gbé ohun iyebíye sórí káàdì tuntun, ẹ dán an wò. Lórí Windows, H2testw. Lórí Linux àti Mac, F3. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Wọ́n á kọ nǹkan kún un dé ẹnu, wọ́n á sì kà á padà. Á pẹ́ díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, kẹ́ ẹ lọ se ìrẹsì. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, á jáde. Káàdì tó bá sì yege pàápàá, ẹ má fi ṣe ilé ìṣúra. Ẹ dà á kọ sí ibòmíràn lọ́jọ́ náà gan-an.

18/ Mo padà sọ́dọ̀ Ìyá àgbà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, mo ní ẹ forí jì mí, mo ti sọ ọ́ nù. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n gbé ẹ̀rọ wá. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi kì wá lọ́tẹ̀ yìí. Ó rẹ̀ wọ́n. Orúkọ bàbá kan tí mo gbọ́ lọ́jọ́ Sunday yẹn, wọn ò dárúkọ ẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo bi wọ́n, wọ́n ní: "Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, ọjọ́ yẹn ló ni ín."

19/ Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ẹnu ìyá dé etí ọmọ ni oríkì yẹn fi rìn dé ọ̀dọ̀ Ìyá àgbà, láìsí káàdì, láìsí iná. Àwọn náà sì ti gbé e sórí fún ohun tó lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọ̀dọ̀ mi ló dé tó fi ọ̀sẹ̀ méjì sọnù, torí mo gbé gbogbo ẹ̀ lé káàdì lọ́wọ́, èmi fúnra mi ò sì gbé ẹyọ kan sórí.

20/ Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún yẹn ti wà níbi mẹ́ta báyìí: fóònù, kọ̀ǹpútà, àti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ibi kẹrin ni orí mi. Mo ti ń kọ́ ọ. Mo ti mọ ìlà mọ́kànlá. Ẹ̀yin ńkọ́? Bí àgbàlagbà yín bá ṣì wà, ẹ lọ gbọ́ tẹnu wọn lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ dán káàdì yín wò kẹ́ ẹ tó lọ. Bẹ́ ẹ bá sì dé ibẹ̀, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti tẹ "record", ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa tẹ̀ lé wọn lẹ́nu.