Ìdí-Igi: Àgbẹ̀ Olóko Kòkó, Ìyàwó Rẹ̀ àti Ogún Tí Ó Fi Sílẹ̀

Nígbà tí a bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ohùn èdè Yorùbá, a sábà máa ń to ogun, ogún, òógùn àti oògùn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí wọ́n lè rí i bí ìtumọ̀ ṣe ń yí padà. Lónìí, mo fẹ́ kí a dúró ti ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn: ogún, èyíinì ni ohun tí òkú fi sílẹ̀ fún alààyè. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń bá a rìn ni jẹ. Jẹ ogún ni ó di jogún. Ohun jíjẹ ni àwọn baba wa ka ogún sí. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ìtàn dá wa lóhùn ni èyí: nígbà tí àgbẹ̀ olóko kòkó bá kú, ta ni ó ń jẹ, ta ni kì í sì í jẹ níbẹ̀?

Kí kòkó tó dé, ọ̀rọ̀ ogún àgbẹ̀ kò nira púpọ̀. Ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí. Ẹni tí ó bá fẹ́ dáko ń gba ààyè lọ́wọ́ olórí ẹbí, ó ń ṣán an, ó ń kọ ebè, ó ń gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Láàrin ọdún kan sí méjì, ohun ọ̀gbìn náà ti wọ inú ìkòkò tàbí ọjà. Bí àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá kú, ohun tí ó ṣẹ́ kù kò ju irinṣẹ́, aṣọ, ilé, àti bóyá igi obì díẹ̀ lọ. Ilẹ̀ ti wà fún àwọn ọmọ tẹ́lẹ̀, nítorí pé ọmọ ẹbí ni wọ́n.

Kòkó yí ètò yìí padà. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó ti fìdí múlẹ̀ ní àgbègbè Agége àti ní Ìbàdàn. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tí ó gbé e ga ni Jacob Kehinde Coker, ẹni tí ó ní oko ńlá ní Ifákò, lẹ́bàá Agége. Ní 1907 ni àwọn olóko ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti òkè wá ṣe iṣẹ́ àgbàṣe ní àwọn oko wọ̀nyí kọ́ iṣẹ́ náà, wọ́n sì gbé irúgbìn padà sí ìlú wọn. Ní ogójì ọdún àkọ́kọ́ nínú ọ̀rúndún ogún, kòkó tàn ká Òndó, Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ifẹ̀.

Kí ni ó mú kí igi yìí yàtọ̀? Igi kòkó àtijọ́ ń gbà tó ọdún márùn-ún kí ó tó so dáadáa, ṣùgbọ́n bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, ó lè máa so fún ogójì ọdún. Ẹni tí ó gbìn ín ní ọmọ ogójì ọdún mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí igi náà pẹ́ ju òun lọ. Nípa bẹ́ẹ̀, òfin àtọwọ́dọ́wọ́ wa ya igi sọ́tọ̀ kúrò lára ilẹ̀: ilẹ̀ lè jẹ́ ti ẹbí, tàbí ti onílẹ̀ tí àlejò ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún, ṣùgbọ́n igi jẹ́ ti ẹni tí ó gbìn ín. Ó lè fi dógò láti yá owó, kí olówó máa ká kòkó oko náà títí di ọjọ́ tí yóò rí owó rẹ̀ gbà. Ó sì lè fi í sílẹ̀ fún ọmọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́, àgbẹ̀ lásán ní ọrọ̀ tí yóò máa mú owó wọlé lọ́dọọdún lẹ́yìn tí òun bá ti sùn.

Àmọ́ òun nìkan kọ́ ni ó ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n tọ́ka sí ohùn lẹ́ẹ̀kan sí i: kókò ni a máa ń gbìn, pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀, láti fi ṣíji bo kòkó nígbà tí ó bá wà ní kékeré. Láti inú kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí ni ìyàwó ti ń bọ́ ọkọ, ọmọ àti alágbàṣe ní gbogbo ọdún tí kòkó kò tíì mú kọ́bọ̀ wá. Nígbà tí igi bá so, ọkọ a ká a. Ìyàwó àti àwọn ọmọ a ṣa á jọ, wọn a fọ́ ọ, wọn a kó hóró rẹ̀ sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́fà, wọn a sì sá a sí oòrùn títí tí yóò fi gbẹ. Ìyàwó ni ó ń pọnmi, tí ó sì ń ru ẹrù. Sara Berry, onímọ̀ ìtàn ọrọ̀-ajé ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé méjì jáde ní 1975 àti 1985 lórí àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá. Àkọlé èkejì, Fathers Work for Their Sons, ń sọ pé bàbá ń ṣiṣẹ́ nítorí ọmọkùnrin rẹ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyàwó náà ń ṣiṣẹ́, ó sì yẹ kí a béèrè nítorí ta ni.

Nígbà tí àgbẹ̀ olóbìnrin púpọ̀ bá kú, ọ̀nà méjì ni a ní láti pín ogún rẹ̀. Èkíní ni ìdí-igi. Ìyá kọ̀ọ̀kan tí ó bímọ fún olóògbé ni a kà sí ìdí igi kan. A ó pín ogún sí iye ìdí tí ó wà, àwọn ọmọ ìyá kan náà yóò sì pín tiwọn láàrin ara wọn. Èkejì ni orí-ò-jorí, èyíinì ni pé orí kan kò ju orí kejì lọ: iye ọmọ ni a ó fi pín in. Ọmọbìnrin ń jẹ nínú méjèèjì bí ọmọkùnrin, ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ láàrin ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn.

Ká ní ọkùnrin kan fi oko kòkó éékà 24 sílẹ̀. Ìyá àgbà bí ọmọ márùn-ún, ìyàwó kejì bí méjì, ìyàwó kékeré bí ẹyọ kan. Bí a bá pín in ní ìdí-igi, ìdí kọ̀ọ̀kan gba éékà 8. Ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó kékeré bí yóò dá 8 gbà, nígbà tí ọmọ ìyá àgbà kọ̀ọ̀kan, àwọn tí ó bá bàbá wó igbó náà, yóò gba 1.6. Ní orí-ò-jorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan gba 3. Ẹ lè fojú inú wo irú àríyànjiyàn tí yóò ṣẹlẹ̀ ní àgbàlá ilé náà. Síbẹ̀, ìdí-igi ní ọgbọ́n tirẹ̀: kò jẹ́ kí agbo ilé tí ó lọ́mọ púpọ̀ gbé ti ọlọ́mọ kan mì.

Ẹjọ́ tí ó fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ kò ti oko wá. Èkó ni ó ti wá. Suberu Dawodu kú ní 1940 láìṣe ìwé ìhágún, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Adájọ́ àkọ́kọ́ gbà pé orí-ò-jorí ni ó tọ́. Ní 1958, ilé ẹjọ́ tí ó ga ju tirẹ̀ lọ yí i padà. Ẹjọ́ náà dé Privy Council ní Lọ́ńdọ́nù, níbi tí a ṣì ń gbé ẹjọ́ ilẹ̀ wa lọ nígbà náà, ní 1962 ni ìgbìmọ̀ náà sì fi ọwọ́ sí i pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá. Orí-ò-jorí jẹ́ ọ̀nà tí olórí ẹbí lè lò bí ìjà bá ń bọ̀.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ta ni ìdí igi? Ìyàwó ni. Orí rẹ̀ ni a fi ka ìpín. Bí kò bá sí i, a kò ní mọ iye ọ̀nà tí a ó pín ogún sí. Síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò ní ìpín kankan. A fi í wọn ogún, kò jẹ nínú ogún. Ohun tí ó ń jẹ kò kọjá èyí tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá fi lé e lọ́wọ́. Èyí tí kò bímọ kò tilẹ̀ di ìdí rárá; bí olóògbé kò bá sì ní ọmọ níbòmíràn, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni wọn yóò jogún rẹ̀.

Ǹjẹ́ àwọn baba wa kò ro ti opó ni? Wọ́n rò ó, ní ọ̀nà tiwọn. Opó ṣíṣú ni ìdáhùn wọn. Àbúrò olóògbé, tàbí ọmọ rẹ̀ tí kì í ṣe ọmọ obìnrin náà, yóò ṣú u lópó: yóò máa fún un ní oko, ilé àti oúnjẹ. A kò fún obìnrin ní ogún, nítorí pé a ti fún un ní alábòójútó. Èmi kò sọ pé ètò náà dùn mọ́ gbogbo opó. Ọ̀pọ̀ ni kò fẹ́ ẹni tí ó ṣú wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé apá méjì ni àṣà náà ní, apá kan sì ń ti èkejì lẹ́yìn. Nígbà tí ẹ̀sìn Kírísítì, ilé ìwé àti ìgbé ayé ìlú ńlá mú kí opó ṣíṣú máa kásẹ̀ nílẹ̀, apá kejì, pé ìyàwó kì í jogún ọkọ, dúró gbọn-in. A gé apá tí ó ń bọ́ opó, a sì pa èyí tí ó ń dù ú mọ́. Níbí ni ìyà ti wọlé.

Àwọn ilé ẹjọ́ sì ràn án lọ́wọ́. Nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu ní 1957, wọ́n ní ìyàwó kò lè jogún ọkọ ní àṣà Yorùbá, nítorí pé òun alára jẹ́ ara ohun tí a ń jogún. Ní 1997, nínú ẹjọ́ Akinnubi, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tún sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 2014 ni ilé ẹjọ́ kan náà dá ẹjọ́ méjì tí ó jẹ mọ́ àṣà Ìgbò: wọ́n bẹnu àtẹ́ lu àṣà tí ó fi ogún du ọmọbìnrin, àti èyí tí ó fi ogún ọkọ du opó. Ìrètí wà nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n opó inú abúlé kòkó kì í sábà ní owó lọ́yà.

Nítorí náà, ọgbọ́n tí àgbẹ̀ bá fi ṣètò nígbà ayé rẹ̀ ni ó ń gba ìyàwó là. Àwọn tí ó ronú jinlẹ̀ mọ ọ̀nà. Àkọ́kọ́, ẹ̀bùn ojú ayé kì í ṣe ogún: oko tí ọkọ bá yà sọ́tọ̀ fún ìyàwó, níṣojú ẹbí àti àwọn olóko àgbègbè, tí a fi pèrègún pààlà rẹ̀, ti ìyàwó ni, kò sí nínú ohun tí a ó pín. Òwe wa ti sọ ọ́ pé oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ọmọ kí ó má ní ààlà. Ó yẹ kí ti ọkọ àti ìyàwó náà ní in. Èkejì, kí ó sọ gbogbo gbèsè àti oko tí ó fi dógò fún ẹbí, kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó lé oko ọmọ òrukàn. Ẹ̀kẹta ni ilé ìwé. Láti 1955, tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, kòkó rán àìmọye ọmọ àgbẹ̀ jìnnà ju oko bàbá wọn lọ. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà; bẹ́ẹ̀ ni yóò sì ta oko.

Ẹ̀kẹrin ni ìwé ìhágún. Há nínú ìhágún kò yàtọ̀ sí há tí à ń lò fún oúnjẹ: ẹni tí ó há nǹkan ni ó mọ iye ẹnu tí ó wà níbẹ̀. Òfin ìhágún Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ti 1958 fi ààyè sílẹ̀ fún àṣà, nítorí náà ènìyàn kò lè fi ìwé há ohun tí í ṣe ti gbogbo ẹbí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó fi òógùn ara rẹ̀ kó jọ, ó lè há a fún ìyàwó, bí ó bá ti buwọ́ lùwé níṣojú ẹlẹ́rìí méjì tí ó pésẹ̀ pọ̀, tí kò sì sí èyí tí ó ń jàǹfààní nínú wọn.

Kí ni ó ń dí ọ̀pọ̀ lọ́wọ́? Ọ̀rọ̀ ikú ni. Àwọn kan a ní àìkú ẹkìrì, a kì í fi awọ rẹ̀ ṣe gbẹ̀du. Ẹni tí ó bá dárúkọ ogún lójú bàbá ń retí ikú bàbá. Òwe náà kò purọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ni ó ń bá wí, àwọn tí kò yẹ kí wọ́n máa pín ohun alààyè. Kò pa bàbá fúnra rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ń kú lọ, ọmọ rẹ̀ ti ń hù ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kì í dúró di ọjọ́ ikú kí ó tó múra.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, nígbà tí ẹ bá délé, ẹ bi àwọn àgbà yín léèrè bí wọ́n ṣe pín oko bàbá wọn, ìdí-igi ni tàbí orí-ò-jorí. Lẹ́yìn náà, ẹ bi àwọn ìyá àgbà ohun tí ó kàn wọ́n níbẹ̀. Ẹ kọ ìdáhùn méjèèjì sílẹ̀, nítorí pé ìtàn tí ó gbọ́ ti igi tí kò gbọ́ ti ìdí kò tíì pé.